Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá: Ewu Ilé Gbohùngbohùn àti Àǹfààní Ohùn Alátakò

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè olókùúta, tí ó sì kígbe, òkè náà yóò dá a lóhùn. Bí ó bá ní "Ó dára," òkè yóò ní "Ó dára." Bí ó bá ní "Irọ́ ni," òkè kò ní í jiyàn. Ohùn tí ó ń padà wá yìí ni Yorùbá ń pè ní gbohùngbohùn. Ọmọdé tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ẹlòmíràn wà ní òdì-kejì òkè tí ó ń gbe òun lẹ́yìn. Àgbàlagbà mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohùn ẹni náà ni ó padà wá bá a. Ọ̀pọ̀ ìpéjọpọ̀ ọmọ ènìyàn ni ó ń ṣe bí òkè yìí. Ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọba, ó lè jẹ́ ìjọ, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́: ohùn kan náà ni gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń sọ, oníkálukú sì ń fi ohùn ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé òun kò ṣìnà. Irú ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ilé gbohùngbohùn nínú àlàyé yìí.

Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣe àkíyèsí pé wọn kò pè é ní aláìmọ̀kan. Òṣìkà ni wọ́n pè é. Ìdí ni pé ìwà ìkà wà nínú kí ènìyàn ní agbára láti pe ẹnìkejì wá sọ tẹnu rẹ̀, kí ó sì kọ̀ láti pè é. Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ fi hàn kò jìnnà sí èyí: ohùn alátakò kì í ṣàdédé wọlé tọ ènìyàn wá. Wíwá ni a ń wá a, ààbò ni a sì ń fún un, pàápàá níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti fẹ́ràn ara wọn.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á ya oríṣi àrùn méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni ti ẹni tí kò gbọ́ ohùn mìíràn rí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko baba ẹni tí ó tóbi tó ti baba òun. Ọmọ náà kò purọ́, kò sì ṣe orí kunkun. Kò tíì rìn ni. Bí a bá mú un dé oko mìíràn, ojú rẹ̀ yóò là. Èkejì ni ti ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn mìíràn lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó má ṣe gba ohunkóhun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ wá gbọ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òwe tí ó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí ó sọ pé ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Bí ọ̀tá gbé ọ̀yà ńlá dé láti oko ọdẹ, a óò ní ọmọ ẹ̀yà kékeré ni. C. Thi Nguyen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Amẹ́ríkà, ṣe irú ìyàtọ̀ yìí nínú iṣẹ́ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 2020, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé oògùn àrùn kan kò lè wo èkejì sàn. Ìròyìn tuntun lè wo ẹni tí kò tíì gbọ́ sàn. Ẹni tí kò fọkàn tán ẹni tí ó mú ìròyìn wá ńkọ́? Ìròyìn nìkan kò lè ṣe é.

Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn kedere nípa àrùn yìí, àti nípa ìwòsàn rẹ̀, ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin Amẹ́ríkà àti Kúbà ní ọdún 1961 àti 1962. Ìdí tí ó fi wúlò ni pé Ààrẹ kan náà, John Kennedy, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùdámọ̀ràn kan náà, ni wọ́n jókòó sí ìdí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwọn ènìyàn náà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jíròrò ni ó yí padà.

Nígbà tí Kennedy gorí àlééfà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, ó bá ètò kan nílẹ̀ tí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA ti ń ṣe láti ìgbà ìjọba Eisenhower. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ Kúbà tí wọ́n ti sá kúrò ní ìlú wọn lọ gúnlẹ̀ sí etíkun Kúbà, kí wọ́n lè lé Fidel Castro kúrò lórí oyè. Wọ́n gbà pé àwọn ará ìlú yóò dìde láti gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n tún gbà pé bí ogun bá le, àwọn jagunjagun náà yóò sá lọ sí orí òkè Escambray láti máa jà láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ibi tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí padà sí Bay of Pigs. Láti ibẹ̀ dé Escambray tó nǹkan bí 80 máìlì, ilẹ̀ àbàtà ni ó sì wà láàrin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwòrán ilẹ̀ Kúbà ìbá ti rí i pé ọ̀nà àsálà náà kò sí mọ́.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1961, àwọn jagunjagun bí 1,400 gúnlẹ̀. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó lé ní 100 nínú wọn tí ó kú. Àwọn tí a kó lẹ́rú ogun sì súnmọ́ 1,200. Àwọn ará ìlú kò dìde.

Ṣé kò sí ẹni tí ó rí ewu náà ṣáájú ni? Ó wà. Arthur Schlesinger, òpìtàn tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn Ààrẹ, kọ ìwé sí Kennedy láti fi hàn pé òun kò fara mọ́ ètò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó, ìbéèrè wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni ó máa ń bi wọ́n. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1965, ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Òun náà ni ó ròyìn pé Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ, fa òun sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi àríyá, ó sì sọ fún òun pé Ààrẹ ti pinnu, kí òun má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Sẹ́nẹ́tọ̀ William Fulbright, tí Ààrẹ pè wá sí ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé náà, tako ètò yìí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn kò sì dúró yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn tí ó ṣe ètò náà ni wọ́n tún fi ṣe adájọ́ rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ní CIA jẹ́ láti gbé ìròyìn yẹ̀ wò kò sí lára àwọn tí a bi léèrè. Ẹni tí ó se ọbẹ̀ ni wọ́n ní kí ó wá sọ bóyá ọbẹ̀ dùn.

Irving Janis, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1972. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn olùdámọ̀ràn náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀mọ̀wé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìfẹ́ láti wà ní ìrẹ́pọ̀ ni ó borí ìfẹ́ láti mọ òtítọ́. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, oníkálukú ń bo iyèméjì rẹ̀ mọ́ra nítorí ó rò pé òun nìkan ni ó ní in. Báyìí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ènìyàn mẹ́wàá ṣe máa ń di ìfohùnṣọ̀kan ènìyàn mẹ́wàá.

Agbára tí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní hàn nínú ìdánwò tí Solomon Asch ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1951. Ó fa ìlà kan sí ojú káàdì, ó fa mẹ́ta tí kò gùn bákan náà sí ojú òmíràn, ó sì ní kí àwọn ènìyàn sọ èyí tí ó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba nínú mẹ́ta náà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ó jókòó, ẹnìkan ṣoṣo ni kò mọ àṣírí. Àwọn yòókù ti gbà pẹ̀lú Asch pé àwọn yóò jùmọ̀ fún un ní ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún un ni ó tẹ̀lé ti àwọn yòókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ń sọ òmíràn fún un. Nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà kan, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Asch fi ẹnìkan péré tí ń sọ òtítọ́ sí àárín wọn, ìtẹ̀lé-àwùjọ náà dín kù gidigidi. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí. Alátakò kan ṣoṣo kì í sọ tirẹ̀ nìkan. Ó ń tú ahọ́n àwọn mìíràn tí ó ti dì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ Kennedy. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ya àwòrán ibi tí ìjọba Sófíẹ̀tì ti ń to ohun ìjà olóró sí ní Kúbà. Bí ìpinnu bá ṣìnà ní ọ̀tẹ̀ yìí, kì í ṣe ènìyàn 100 ni yóò kú; àwọn orílẹ̀-èdè méjì tí ó ní bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n kọjú sí ara wọn. Ìmọ̀ràn tí ó kọ́kọ́ wá sí ẹnu ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ju àdó olóró sí ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn kò jíròrò bí ti àtẹ̀yìnwá. Kennedy kò jókòó sí àwọn ìpàdé kan, kí ẹnu má baà wúwo nítorí ojú Ààrẹ. Wọ́n pín ìgbìmọ̀ sí ọ̀nà méjì; apá kan kọ àlàyé lórí kíkọlu Kúbà, apá kejì kọ àlàyé lórí fífi ọkọ̀ ojú omi ológun dí ọ̀nà òkun. Lẹ́yìn náà, wọ́n pààrọ̀ ìwé, apá kọ̀ọ̀kan sì ń wá àṣìṣe nínú ti èkejì. Wọ́n pe Llewellyn Thompson, tí ó ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Mọ́sííkò, tí ó sì mọ Khrushchev dáradára. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, Thompson sọ fún Ààrẹ lójúkojú pé èrò rẹ̀ nípa ohun tí Khrushchev yóò gbà kò tọ̀nà. Ààrẹ kò lé e jáde. Ọ̀nà dídí òkun, pẹ̀lú ìdúnàádúrà, ni wọ́n tọ̀. Ní ọjọ́ 28, Khrushchev kéde pé òun yóò kó ohun ìjà náà kúrò.

Ìlànà tí àlàyé yìí ń gbè lẹ́yìn béèrè pé kí á gbọ́ ti àwọn tí ó tako Janis pẹ̀lú. Roderick Kramer tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọdún 1998, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba ti di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà. Èrò tirẹ̀ ni pé ìṣirò òṣèlú ló darí Kennedy ní ọdún 1961 ju ìfẹ́ ìrẹ́pọ̀ lọ: kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó bẹ̀rù Castro. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ Kramer tọ̀nà. Bí ó bá sì tọ̀nà, ó fi nǹkan kún ohun tí a mọ̀ ni: ènìyàn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ohùn alátakò nítorí ìfẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì lè tì í nítorí ìbẹ̀rù àwọn tí ń wò ó láti ìta. Yálà ìfẹ́ ni o, yálà ìbẹ̀rù ni o, àbàtà 80 máìlì wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mẹ́nu bà á tó.

Ìlànà kí á fi alátakò sí ìdí àṣẹ kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin kì í dá ìlú ṣe. Àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Basọ̀run jẹ́ olórí wọn, ní agbára láti kọ ọba tí ó bá ṣi agbára lò. Ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀yọ́ kan náà kọ́ wa pé alátakò pàápàá nílò alátakò. Basọ̀run Gáà fi agbára yìí ṣe ìkà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó rán ju Aláàfin kan lọ sí ọ̀run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774.

Ní ayé òde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń di ẹ̀bi ilé gbohùngbohùn ru íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn ẹgbẹ́ orí WhatsApp. Òótọ́ ni pé ó rọrùn nísinsìnyí láti yan kìkì àwọn tí èrò wọn bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kọ́ ni ó bí àrùn náà. Bákan náà, kì í ṣe kí á kàn da ohùn ọ̀tá bo ènìyàn ni yóò wò ó sàn. Christopher Bail àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n sanwó fún àwọn ènìyàn láti máa ka ọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn lórí Twitter fún oṣù kan. Èrò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican tí wọ́n ṣe èyí kò rọ̀. Ńṣe ni ó túbọ̀ le sí i. Òdù ọ̀yà ọ̀tá kò tóbi sí i ní ojú wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò fi hàn bí a ti ń wo irú èyí sàn. Ní ọdún 2003, Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní àríwá Nàìjíríà dá fífún àwọn ọmọdé ní oògùn àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé oògùn náà ń sọ obìnrin di àgàn. Ìfura náà ní gbòǹgbò: ìdánwò oògùn kan tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan ṣe fún àwọn ọmọdé ní Kánò ní ọdún 1996 ti dá awuyewuye sílẹ̀. Bí àwọn oníṣègùn òyìnbó ti ń kígbe tó pé kò sí ewu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan túbọ̀ ń rí i bí ẹ̀rí pé ewu wà. Àìsàn náà sì tàn láti Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ohun tí ó tú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n rí oògùn gbà láti Indonéṣíà, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí àwọn ará Kánò sì lè fọkàn tán. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004. Oògùn kan náà ni. Ọwọ́ tí ó gbé e wá ni ó yàtọ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n kéde pé ẹ̀yà àrùn náà tí ń ti inú ìgbẹ́ ayé wá ti tán ní gbogbo Áfíríkà.

Kí ni èyí wá kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ó kàn wọ́n gidigidi, nítorí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ilé gbohùngbohùn tí ó rọrùn jù láti kọ́. Olùkọ́ sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ dá a padà nígbà ìdánwò, olùkọ́ sì fún un ní máàkì nítorí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ó lè fọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Èkíní, kí ó di àṣà pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá tako èrò kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èrò náà débi tí ẹni tí ó ni ín yóò fi wí pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe wí." Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí kò tíì gbọ́ ẹjọ́. Èkejì, nígbà àríyànjiyàn, kí á pààrọ̀ ìhà, kí ẹni tí ó gbe ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn lónìí tako ó lọ́la. Ṣùgbọ́n kí á mọ̀ pé èyí kò tó. Charlan Nemeth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2001 pé ẹni tí a kàn yàn láti ṣe bí alátakò kì í ru ìrònú àwùjọ sókè tó ẹni tí ó tako ó láti ọkàn rẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: kí akẹ́kọ̀ọ́ tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ ní tòótọ́ má ṣe jìyà nítorí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi ọ̀kan ṣe ẹlẹ́yà ní ọjọ́ Ajé, kò ní í gbọ́ ohùn mìíràn títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé gbogbo èrò wá dọ́gba ni? Rárá o. Adájọ́ tí ó gbọ́ tẹnu ẹni méjì kò sọ pé àwọn méjèèjì jàre. Ìròyìn tí ó tàn ní Kánò kì í ṣe òótọ́, kò sì di òótọ́ nítorí pé a fetí sí i. Ṣùgbọ́n fífetí sí i ni ó jẹ́ kí á mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti ń wá, tí a fi rí ọ̀nà tí àwọn ọmọ fi gba oògùn. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò ní ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ti àgbà rí bákan náà. Wọ́n ní méjèèjì ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń dá ìlú sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti fohùn ṣọ̀kan ní kíákíá yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan kí ó tó túká: ta ni kò sí níhìn-ín, kí ni ìbá sì sọ bí ó bá wà?